Ìwé Iná Tí Wọ́n Ní Sìmíátù Kọ

Muṣin,
ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, 2024

Sìmíátù, Àṣàkẹ́ mi,

Ìwé tí mo kà lánàá, tí mo tún ṣí lónìí tí ó ti yàtọ̀, èwo nínú méjèèjì ni mo kà? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ. Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé níbẹ̀. Ara wa le, ìyá rẹ ń kí ọ. Orí táàbù tí o fi ránṣẹ́ gan-an ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí n kò fẹ́ràn ohùn inú wásáàpù. Bí ọmọ mi bá bá mi sọ̀rọ̀, mo fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Làbákẹ́ tó bá wa gbé e láti Leeds kò tilẹ̀ jókòó jẹun. Ó ní òun fẹ́ kí nǹkan náà kúrò lọ́wọ́ òun kí ó tó fọ́.

O mọ ìwé òfin iná mi, èyí tí mo rà ní ọdún tí a bí ọ. Mo mọ ibi tí nǹkan wà nínú rẹ̀ bí ìyá rẹ ṣe mọ ibi tí iyọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ wà níbi tí ikán ti jẹ etí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà tí ń lọ sínú ilẹ̀ wà níbi tí epo dà sí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin iná tuntun tí o fi sínú táàbù yìí, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ilẹ̀" lédè òyìnbó, ó ní òun rí i ní ibi igba ó lé mọ́kànlá. Kí ni kí n fi igba ibi ṣe lórí àkàbà?

Ojú rẹ̀ tún máa ń ṣókùnkùn. Mo gbé e lé orí bọ́ọ̀dù tí a ń to fíúsì sí, mo ń ká wáyà, kí n tó bojú wẹ̀yìn ó ti kú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn, nítorí símẹ́ǹtì ti bo ọwọ́ mi. Mo fi imú tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Máyọ̀kún tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àgùdà rí mi. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá rò pé mi ò gbọ́, Bàbá Onímú ni ó ń pè mí.

Èyí tó gbà mí lóorun ni pé, ní Ọjọ́rú mo ka abala kan tán, mo fi àmì sí i. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, táàbù ní nǹkan tuntun ti wọlé. Mo wo ibi tí mo kà, gbólóhùn kan ti lọ, òmíràn ti jókòó sí ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ìwé mi àtijọ́ lè máa parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n irọ́ kan náà ni yóò máa pa títí.

Bá mi wá ìbòrí onírọ́bà fún un. Kí o sì pe àbúrò ìyá rẹ. Ó ní láti ìgbà tí o ti lọ, ìgbà méjì péré ni o kí òun. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní òun náà níṣẹ́.

Èmi ni,
Tìrìmísíyù, bàbá rẹ.


Leeds,
ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò ọmọ, ẹ sì kú iṣẹ́ Àgùdà. Níbi tí ẹ ti fi imú tẹ táàbù, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi wá béèrè bóyá nǹkan ń ṣe mí.

Ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó má pa ojú rẹ̀ dé títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ń wá nǹkan nínú ìwé náà, ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ tẹ méjì pọ̀. Dípò "ilẹ̀," ẹ tẹ "ilẹ̀" àti "páìpù," ibi mẹ́ta péré ni yóò mú yín lọ. Ẹ rí i pé ìwé náà ti sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó jáde nílé, torí nẹ́tíwọ̀kì kì í dé inú àjà.

Ní ti pé ó ń yí padà, èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí i lónìí pé ohun kan lè pa èèyàn, ṣé kí wọ́n dúró títí ẹ ó fi ra ìwé mìíràn ni? Níbi iṣẹ́ wa, kò sí ẹni tó ń gbé ìwé bébà mọ́. Orí fóònù ni gbogbo wa ti ń kà á, títí kan ẹni tó ń wá yẹ iṣẹ́ wa wò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí táàbù náà má kúrò lọ́wọ́ yín o. Iléeṣẹ́ ló sanwó ìwé inú rẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n sì fi gbà á.

Ìdánwò mi ìkẹyìn jẹ́ ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá. Bí mo bá yege, mo di rewáyà gidi, tó lè dá iṣẹ́ ṣe láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni mo ti fi ń gbé àpò irinṣẹ́ tẹ̀lé àwọn ẹlòmíràn, Bàbá. Ẹ bá mi ṣàdúà.

Màámi tún fi fọ́tò ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìwé ni mo ń kà. Màá pe Àǹtí mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọmọ yín,
Sìmíátù.


Muṣin,
ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá

Àṣàkẹ́,

Mo kí ọ pẹ̀lú ìdùnnú. Jókòó kí o tó ka èyí.

O rántí ilé tí a ń fa wáyà sí ní Àgùdà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwálé ló ni ín. Nígbà tí iṣẹ́ kan ibi wáyà ilẹ̀, ó ní kí n so ó mọ́ páìpù omi kí n jẹ́ ká sinmi. Mo ní rárá, ọ̀pá bàbà la máa rì mọ́lẹ̀. Ó ní èwo ni ti ọ̀pá bàbà, ṣebí èmi náà ni mo ṣe ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, páìpù ni mo sì so ti ibẹ̀ mọ́.

Òótọ́ ló sọ. Páìpù irin ni nígbà náà, ó sì wọlẹ̀ lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni wọ́n ti fi rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yẹn. Wáyà tí mo so mọ́ ọn kò lọ síbì kankan mọ́. Bí iná bá já sára ẹ̀rọ ìfọṣọ kan nínú ilé yẹn, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni yóò gbà wọlẹ̀.

Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Mo wá ṣí táàbù, mo tẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì bí o ṣe kọ́ mi, ibẹ̀ jáde kíá. Mo gbé e sí i lójú. Kò mú ìgò ojú rẹ̀ wá. Ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́, ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí orúkọ rẹ wà.

"Sìmíátù Tìrìmísíyù," ó kà á síta. "Ṣé kì í ṣe ọmọ yín tó wà ní London nìyí?"

Mo ní Leeds ni.

"Òun ló kọ ìwé yìí?"

Mi ò dáhùn, Sìmíátù. Mo ń fi aṣọ nu ojú táàbù. Ọkùnrin náà ní kí n ra ọ̀pá méjì, kí n sì lọ tún ti ilé àkọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú.

Máyọ̀kún wà lórí àkàbà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ àwa rewáyà ní Muṣin ti gbọ́ pé ọmọ mi kọ ìwé òfin iná fún àwọn òyìnbó. Alága wa, Àlàájì Àbdùlsàmàd, gbé páálí máátì kan wá sílé. Ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ ìwé náà. Mo gbé táàbù lọ bá Christianah, obìnrin tó ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá. Ìwé náà kò gbà kí a tẹ òun jáde. Christianah ní ìyẹn kò le, ó fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò. Kìkì abala tó kan ilé gbígbé ló yà, ọgọ́jọ ojú ìwé, ó fi ọjọ́ méjì ṣe é. A tẹ ẹ̀dà méjìlá, a fi wáyà dúdú dì í lẹ́yìn. Mo fi fọ́tò wa ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, kálukú gbé tirẹ̀ sáyà.

Mo mọ̀ pé o kò kọ ìwé. Mo mọ òyìnbó kà. Ó wà níbẹ̀ pé ìwọ ni wọ́n fún láṣẹ láti lò ó. Ṣùgbọ́n mo ń wo orúkọ náà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé ọgọ́jọ, mo sì ń bi ara mi pé ta ni inú rẹ̀ dùn rí tí irọ́ kékeré kan sì ba ìdùnnú náà jẹ́.

Bàbá rẹ.


Leeds,
ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dárí jì mí pé mi ò kí yín tó bó ṣe yẹ.

Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni àwọn tó ni ìwé náà fi ń mọ ọwọ́ ẹni tí ẹ̀dà kan ti jáde. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ pín. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n sì fún mi láyè láti fi kà á, fún iṣẹ́ iléeṣẹ́ wa. Èmi ni mo fi èkejì sínú táàbù tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀kan nínú ìwé méjìlá yẹn sórí ayélujára, orúkọ mi ni yóò gbé e lọ bá wọn, wọ́n á gbé e lọ bá ọ̀gá mi, wọ́n á sì ní kí n máa lọ. Kò ní sí ìdánwò ní ọjọ́ keje. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ á wọmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba gbogbo rẹ̀ padà. Kí Christianah pa àwọn fọ́tò náà rẹ́. Kí ẹ dá mi lóhùn lónìí.

Sìmíátù.


Leeds,
ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́fà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo pe fóònù yín, kò lọ. Mo pe Màámi. Wọ́n ní ẹ lọ fa wáyà sí mọ́ṣáláṣí tuntun kan ní ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ kò ní nẹ́tíwọ̀kì. Mo ní kí wọ́n bá mi wá àwọn ìwé náà. Wọ́n ní ìwé wo, ṣé èyí tí mo kọ? Mo ní mi ò kọ ìwé. Wọ́n ní kí n má rẹ ara mi sílẹ̀, lémọ́ọ̀mù ti ṣàdúà fún mi níwájú gbogbo èèyàn ní Jímọ̀. Wọ́n tún ní ọkùnrin inú fọ́tò yẹn náà ti gbọ́, ó ní òun fẹ́ràn obìnrin tó mọ̀wé.

Ibikíbi tí ẹ bá ti rí nẹ́tíwọ̀kì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí táàbù.

Sìmíátù.


Leeds,
ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Mo tún lẹ́tà méjì tí mo kọ kà. Mo sọ̀rọ̀ sí yín bí ẹni ń bá ọmọọṣẹ́ wí. Ẹ má bínú. Bí ẹ bá sì ń bínú, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń bínú, kí n lè sùn.

Lónìí mo ń wá ìwọ̀n wáyà kan lórí fóònù níbi iṣẹ́. Mo rí orúkọ mi nísàlẹ̀, mo sì gbé fóònù náà dojú bolẹ̀. Mi ò lè máa bá a lọ báyìí. Ní ọjọ́ Ajé màá sọ fún Ọ̀gá Helen fúnra mi. Bí wọ́n bá máa lé mi, kí ó jẹ́ pé ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bínú sí. Èmi ni mo fi táàbù ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Sìmíátù.


Muṣin,
ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá

Sìmíátù ọmọ mi,

Mo bẹ̀ ọ́. Bàbá kì í sábà kọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́.

N kò mú táàbù lọ sí Ìsẹ́yìn. Alága ló yá a lọ́wọ́ mi láti fi han ẹ̀ka Yábàá. O ti sọ fún mi kó má kúrò lọ́wọ́ mi, mo sì gbé e fún un, nítorí ó pè mí ní Bàbá Òǹkọ̀wé níwájú èèyàn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà rẹ ń wọlé sí. Ó ní òun gbọ́ ìró èkíní, òun kò ṣí i, torí lẹ́tà ẹlẹ́tà ni. Ó gbọ́ ìró èkejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta dún, ó ní ara òun kò gbà á mọ́, òun bá ṣí wọn.

Kí n tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lánàá tí mo ti Ìsẹ́yìn dé, ó ti jókòó sí pálọ̀ wa pẹ̀lú táàbù lórí itan.

"Bàbá Sìmíátù," ó ní, "ọmọ yín ti ń sunkún nínú nǹkan yìí láti ọjọ́ kẹta oṣù. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ̀ ẹ́."

Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìdúró. Nígbà tí mo parí, ó ti yọ ẹ̀dà tirẹ̀ lábẹ́ agbádá, ó gbé e lé tábìlì. A wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, a ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ a ti gba mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó bá wa jiyàn, àfi pé gbogbo wọn ń béèrè ìdí. Alága ń dáhùn pé ẹni tó ni ín ní kí a dá a padà, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́.

Ti Máyọ̀kún ló le. O mọ bí a ṣe máa ń lẹ bébà mọ́ inú ìdérí bọ́ọ̀dù, tí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíúsì yìí ti yàrá, èyí ti kíṣíìnì. Máyọ̀kún ti fa tirẹ̀ ya, ó ti lẹ ojú ìwé wáyà ilẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ayálégbé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní Àgùdà. Ó ní kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn àgbà ló ṣiṣẹ́ náà. Òní la fi yọ wọ́n, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti àkísà tútù. Obìnrin kan tó ń ro ọbẹ̀ kò fẹ́ kí n ṣí tirẹ̀. Ó ní bébà yẹn ló jẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ láti máa fọwọ́ kan fíríìjì. Mo jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀, mo fi Yorùbá kọ òmíràn pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: ibi tí wáyà ilẹ̀ gbà, ìdí tí a kò fi so ó mọ́ páìpù, nọ́ńbà fóònù mi. Ó kà á, ó ní èyí tilẹ̀ dára jù, òun kò lóye ti tẹ́lẹ̀. Mo kọ irú rẹ̀ fún àwọn méje yòókù.

Christianah pa fọ́tò rẹ́ lójú wa, nínú fóònù àti nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé àwọn ojú ìwé tó tẹ̀ tí kò dára, òun ti kó wọn fún ìyá alákàrà tó wà lẹ́bàá ibẹ̀. A sáré débẹ̀. Ó kù tó ìdajì lábẹ́ òkúta. Mo ní kí ó ta bébà náà fún mi. Ó ní òun kì í ta bébà, àkàrà ni òun ń tà. Àlàájì bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ra àkàrà títí bébà fi tán. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá ló jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tó ti ra tiwọn lọ ṣáájú, n kò lè tẹ̀lé wọn délé, ṣùgbọ́n epo ti bo orúkọ rẹ níbẹ̀, mo rò bẹ́ẹ̀.

A sun gbogbo rẹ̀ nínú àgbá kan ní ìsọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin. Mo fi fọ́tò eérú rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó gbé eérú lọ́wọ́ òsì níbẹ̀ ni alága.

Ọjọ́ Ajé ti kọjá. Kí ni ọ̀gá rẹ wí?

Bàbá rẹ.


Leeds,
ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdúró o. Mo mọ̀ pé mo dá ìdúró náà padà fún yín, ọjọ́ méjìdínlógún. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mi ò mọ òpin rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé yẹn, mo wọlé tọ Ọ̀gá Helen lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹ̀rọ kejì dé orí àwọn ọkùnrin tó gbé ìwé sáyà. Ó bi mí pé ẹ̀dà mélòó ló ṣì wà níta. Mo ní mi ò mọ̀, bàbá mi kò tíì dáhùn. Ó ní kí n máa lọ sílé, òun máa ránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́tà yín dé. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àkàrà, ó fọwọ́ bojú. Ó fi fọ́tò eérú ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ìwé, ó ní òun kò tíì fi irú ẹ̀rí báyìí ránṣẹ́ rí láti ìgbà tí òun ti dé ibi iṣẹ́. Wọ́n dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gbà á. Ọ̀gá Helen kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, ó wà nínú fáìlì mi. Kò lé mi. Ó ní kí n lọ jókòó sí ìdánwò mi.

Mo yege, Bàbá. Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní ọ̀sán Ẹtì. Mo ti dá iṣẹ́ ṣe lánàá, kíṣíìnì ìyá arúgbó kan. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, mo ń yí ọrùn wò bóyá ẹnì kan wà lẹ́yìn mi.

Wọ́n máa ti ìwé inú táàbù yín pa láti ìhín, lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Táàbù ṣì jẹ́ tiyín.

Ó ku ohun kan. Màámi ṣì ń pè mí ní òǹkọ̀wé. Ẹ ti gba ìwé padà, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín kò sọ pé ẹ gba ọ̀rọ̀ padà. Èmi ti wọlé tọ Ọ̀gá Helen lọ. Ó ku tiyín.

Ọmọ yín,
Sìmíátù.


Muṣin,
ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá

Sìmíátù, rewáyà gidi,

Mo kí ọ kú oríire. Ìyá rẹ jó yípo pálọ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọmọ tí mo máa ń gbé sórí àpótí irinṣẹ́ ní ìsọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn mo gbé táàbù síwájú, mo ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ìwé náà ṣì wà. Mo lọ bu omi mu, mo padà dé, ó ti lọ. Ẹnì kan jókòó sí òkè òkun, ó yọ ìwé kúrò níwájú mi nílé mi. N kò bínú, torí mo ti jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó. Gbogbo ìwé tí mo ní nílé yìí, bí mo bá jẹ̀bi láyé àti lọ́run, ibẹ̀ ni wọ́n máa wà.

Àìkú tó tẹ̀ lé e ni a ṣèpàdé. Mo fi Àbámẹ́ta ṣòfò nítorí ojo ọkàn. Mo dìde. Mo sọ fún wọn pé o kò kọ ìwé náà, pé mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé mo dákẹ́ nítorí ó dùn mọ́ mi. Mo sọ ìyà tí ìdákẹ́jẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi jẹ ọ́. Bàbá Àmínù tó dàgbà jù nínú wa tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

"Ta ló wá kọ ọ́?" ó bi mí.

Mo ní ìgbìmọ̀ ni, àwọn èèyàn púpọ̀, wọn kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

"Wọn kò fi orúkọ sí i," ó ní. "Nígbà náà, kí ló dé tí wọ́n ń bá ọmọ jà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Máyọ̀kún ní òun ti ń ronú pé ẹni tó kọ irú ìwé yẹn kò ní máa gbé táàbù ránṣẹ́ sí bàbá tó ń fi imú tẹ̀ ẹ́. Mo dá a lóhùn pé mo gbọ́ gbogbo ohun tó ń pè mí láti oṣù kẹsàn-án.

Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ náà. Ó bínú sí mi títí di àsìkò oúnjẹ alẹ́. Ó wá ní òun kò ní lọ sọ fún lémọ́ọ̀mù, àdúà tí wọ́n ti ṣe kò ṣeé gbà padà.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń yọ mí lẹ́nu, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ lóru. Bí mo bá ti sọ òtítọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọláwálé lọ́jọ́ yẹn, ṣé yóò ra ọ̀pá bàbà? N kò rò bẹ́ẹ̀. Èyí kò jẹ́ kí n lè dá ara mi lẹ́bi tán, kò sì jẹ́ kí n dá ara mi láre.

Ẹgbẹ́ pinnu láti ra ìwé náà bó ṣe tọ́, ẹ̀dà kan, ẹ̀rọ kan, a kò ní tẹ̀ ẹ́. Èmi ni n ó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ ìpàdé, bí mo ti ṣe nínú ilé ìdáná obìnrin yẹn. Orúkọ alága ni wọ́n fi rà á. Ó dé sórí táàbù tirẹ̀ ní Ọjọ́rú. Mo kọ́ Àlàájì bí a ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ó mọ̀ ọ́n kíákíá.

Ní Ọjọ́bọ̀ a jọ lọ sí ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Ọláwálé. Láńlọ́ọ̀dù ibẹ̀ ní òun kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ya wáyà ilé ìwẹ̀ sọ́tọ̀. Àlàájì na táàbù sí i. Ọkùnrin náà wò ó, ó fa ojú wálẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

"Àlàájì," ó ní, "ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

Àlàájì Àbdùlsàmàd mú etí agbádá rẹ̀, ó ń fi nu ojú táàbù. Èmi ń ká wáyà. Láńlọ́ọ̀dù ní ká ya wáyà sọ́tọ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí à ń bọ̀ nílé, mo wò ó, kò wò mí. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Muṣin kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Sìmíátù, ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ di ọjọ́ Àìkú."

Òní ni Àìkú, ọjọ́ ìpàdé. Wọ́n ti kí ìrun àárọ̀ tán. Ilẹ̀ ti mọ́ tó láti kàwé, mo sì ti pa àtùpà.

Bàbá rẹ,
Tìrìmísíyù.